Orógbó Ẹ̀bá Ojú Irin

Ìró tó máa ń jí mi nígbà náà kì í ṣe ti àkùkọ. Ìró ọkọ́ ni. Bàámi máa ń fi òkúta pọ́n ọkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ìpè ìrun àsùbáà tó dún láti àgbàlá Bàbá Rájí. A ó máa gbọ́ ọ, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá irin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, á wúkọ́. Lẹ́yìn ikọ́ rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àṣàbí, á bẹ̀rẹ̀ lójúde. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ á kọjá, ilẹ̀ á sì mì lábẹ́ ẹní tí mo sùn lé. Tí mo bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tí mi ò tíì dìde, Ìyá Àgbà á ní, “Rẹ̀mílẹ́kún, ilẹ̀ tí kò tíì mọ́ fún ọ, ó ti mọ́ fún ẹni tó ni ín.” Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Inú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni mò ń gbé, kò sì sí ẹni tó ń pọ́n ọkọ́ ní gbogbo àdúgbò wa. Síbẹ̀, tí mo bá jí, etí mi á kọ́kọ́ wá ìró yẹn.

Ẹni tó bá dé Pápá Àjàó lónìí, tó rí bí ilé ṣe fara ti ilé, tó gbọ́ ariwo àwọn tó ń lu páànù àti ti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lápá Ládìpọ̀, kò ní gbà pé oko la wà nígbà náà. Oko ni. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ àgbàdo, lẹ́yìn rẹ̀ irà tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Bàbá Rájí ló ni ilẹ̀ náà, òun àti ẹbí rẹ̀. Bàámi ló ń ro ó. Lébìrà oko ni Bàámi. Láti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nílé náà ló ń ṣe ní Èkó. Bàbá Rájí fún wa ní ilé alámọ̀ oníyàrá méjì ní etí oko. Kò gba owó ilé, ṣùgbọ́n ilé náà mọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ tí Bàámi bá gbé ọkọ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà la ó gbé ẹrù wa. Ó tún fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé tí a lè dá fún ẹnu ara wa, òfin kan péré ló sì fi lé e. Bàámi máa ń tún òfin náà sọ fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà: ohun tó ń kú lọ́dún ni kí ẹ gbìn. Ẹ̀gẹ́ ń kú lọ́dún. Àgbàdo ń kú. Ilá àti ewébẹ̀ ń kú. Ọsàn kì í kú, obì kì í kú, ọ̀pẹ kì í kú. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹlẹ́rìí ló gbé dúró yẹn. Ẹni tó gbìn ín á kú, igi á wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á wá nàka sí i pé ẹ wò ó, bàbá mi ló gbin èyí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibòji kankan ní àyíká ilé wa. Oòrùn ń pa wá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àgbàlá Bàbá Rájí lọ́ọ̀ọ́kán sì kún fún ọsàn àti àgbọn, àti igi orógbó ńlá kan tí àwọn ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń dirun.

Iṣẹ́ ilé wa kò lópin, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́. Bàámi á ti ro oko Bàbá Rájí tán kó tó kan tiwa, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ilẹ̀ tiwa máa ń rí i. Ìyá mi àti Ìyá Àgbà ló ń ṣe gàrí. Èmi àti Àṣàbí á bó ẹ̀gẹ́, èèpo á gorí èèpo, àwa méjèèjì á sì máa bú ara wa. Ó máa ń sọ pé èmi ni baálẹ̀ àwọn ọ̀lẹ. Èmi máa ń sọ pé ẹ̀gẹ́ tó bá bó dà bí orí ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ. Ìyá mi á rin ín lára páànù tí Bàámi fi ìṣó lu. Ìka rẹ̀ máa ń bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á kán sínú ẹ̀gẹ́ náà nígbà mìíràn, kò sì ní dúró. A ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ á máa kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Gàrí tó bá kúnná, ọjà ló ń lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ajọ̀ ni tiwa. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ẹni tó ń yan gàrí, èéfín ló ń kọ́kọ́ jẹ. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, a ó jókòó yí ẹ̀bà ká, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí ẹja ṣáwá kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Bàámi á bu orí ẹja náà fún Ìyá Àgbà, á pín ara rẹ̀ fún wa, òun á fi omi ọbẹ̀ jẹun. Mi ò gbọ́ kó sọ rí pé òun fẹ́ràn ohun kan tàbí pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò tíì máa lọ sílé-ìwé nígbà náà. Ìgbà tí mo wá lọ, bùọ̀dá ni àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ń pè mí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Ìyá mi lóyún, nítorí oyún yẹn ni Ìyá Àgbà sì fi wá bá wa láti ilé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú igbá kan, ìdì aṣọ kan, àti agolo kan tó fi ewé bò lórí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Ọmọ orógbó ló wà nínú agolo náà, ó ti hù, ewé rẹ̀ kò ju bíi mélòó kan. Orógbó kì í yára. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yọjú, tó bá sì yọjú tán, yóò dà bí ẹni pé kò fẹ́ ga mọ́. Ìyá Àgbà ní nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń fi í wúre fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́ láyé. Ní agboolé wa nílé, bí ìwọ́ ọmọ bá já, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gbin igi lé e lórí. Ti Àṣàbí wà níbẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀. Ilé la ti bí àwa méjèèjì kí Bàámi tó kó wa wá sí Èkó. Ẹnìkan wà láàárín wa tí kò dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ èmi ní Rẹ̀mílẹ́kún. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan pé ti ìyẹn ńkọ́, ṣé wọn kò gbin igi fún un ni? Ó ní wọ́n gbìn ín, ọ̀dá ló pa igi rẹ̀, igi ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn tèmi, Ìyá mi bí méjì ní Pápá Àjàó. Ìkankan nínú wọn kò rìn. Ẹ̀bá ògiri ni wọ́n ri ìwọ́ tiwọn sí, láìsí igi, nítorí òfin Bàbá Rájí. Ìyá Àgbà kò pe ọ̀rọ̀ náà ní àjẹ́, kò pè é ní àbíkú. Ohun tó sọ kò gùn. Ó ní ẹni tí kò ní gbòǹgbò, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.

Ọmọkùnrin ni Ìyá mi bí. Bàámi sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ọmọ náà kéré, awọ ara rẹ̀ hunjọ ní itan, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ológbò lọ. Ọjọ́ tí ìwọ́ rẹ̀ já, Bàámi wà ní oko Bàbá Rájí. Ìyá Àgbà mú ọkọ́ kékeré, ó wọ àárín ebè ẹ̀gẹ́ tiwa níbi tí ewé ti ṣú jù, ó gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, “Màámi, tí baálé wa bá rí i ńkọ́?” Ìyá Àgbà kò gbé orí sókè. Ó ní, “Àjàní? Oko olóko ló ń wò. Kì í wo tirẹ̀.” Ó ri ìwọ́ náà mọ́lẹ̀, ó gbin orógbó lé e, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo èmi àti Àṣàbí. Ó ní kí ni a rí. A ní a kò rí nǹkan kan. Ó ní a ṣeun.

Ìyá mi ló ń tọ́jú igi náà ju gbogbo wa lọ. Ó máa ń wò ó láàárọ̀ kó tó bọ́ ọmọ. Ewúrẹ́ Bàbá Rájí kan wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, ó jẹ etí ewé méjì tó wà lókè. Ìyá mi lé e dé ojú ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ sá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ omi, tó ń fi ra ewé igi náà, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tó bá ń rùn bíi tirẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn bóyá Bàámi mọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọkọ́ jẹun kì í ṣàì rí igi. Nígbà tó ro àárín ebè yẹn, ó ro ó dé ìdí orógbó náà, ó fo ibẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Èmi náà ti di baálé ilé báyìí, mo ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí baálé ilé ń rí, ó kàn ń fò ó ni.

Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lápá Ìpọ̀nrí, a gbọ́ pé wọ́n ti ń hú oko kúrò, pé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ọkùnrin oníṣòkòtò penpe á dé, wọ́n á na okùn, wọ́n á ri èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n á lọ. Gbogbo onílẹ̀ wá ń rìn yí ilẹ̀ wọn ká bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé olè ń bọ̀. Bùràímọ̀, àkọ́bí Bàbá Rájí, ni bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹlẹ́fẹ̀ ni Bùràímọ̀, kò sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ewúrẹ́ ló ń wá lọ́jọ́ náà tó fi wọ inú ẹ̀gẹ́ wa. Ó rí orógbó náà. Ó pe Ìyá Àgbà, ó bi í bóyá irú ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń gbìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Ìyá Àgbà ní òun kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyẹ. Bùràímọ̀ fọwọ́ kan ewé igi náà, ó gbé ọwọ́ sí imú.

“Ẹyẹ ló gbìn ín,” ó ní. “Ẹyẹ náà ló sì fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ ra á lára?”

Bùràímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò tilẹ̀ wá ewúrẹ́ náà mọ́.

Bàbá Rájí fúnra rẹ̀ ló wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ó dojú odó wa délẹ̀, ó jókòó lé e. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, gbogbo wa ló sì máa ń bá ṣeré tó bá ń kọjá. Lọ́jọ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó ní kí Bàámi dúró síwájú òun.

“Àjàní, kí ni mo ní kí o máa gbìn?”

“Ohun tó ń kú lọ́dún, Bàbá.”

“Ṣé orógbó ń kú lọ́dún ní ìlú tiyín?”

Bàámi wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà, tó ṣeé ṣe kó ju Bàbá Rájí lọ lọ́jọ́ orí, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá Rájí ní kó dìde, kó má fi orúnkún àgbà kan ilẹ̀ fún òun. Kò dìde. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti ìwọ́, ti àwọn méjì tí kò dúró, ti ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìyá mi. Ó ní ẹ̀mí ọmọ náà wà lára igi yẹn, pé kì í ṣe ilẹ̀ la fẹ́.

Bàbá Rájí fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. “Màmá, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ká ní igi lásán ni, ǹ bá gbà pé ẹyẹ ló gbìn ín. Ibi tí wọ́n bá ri ìwọ́ ẹni mọ́, kí ni wọ́n ń pè é?”

Ìyá Àgbà fọwọ́ kó etí ìró rẹ̀ jọ.

“Ẹ dá mi lóhùn, Màmá.”

“Ilé ẹni ni.”

“Ẹ ṣeun,” Bàbá Rájí ní. Ó sọ fún Bàámi pé kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, kí igi náà kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àwa kúrò. Ó ní kì í ṣe ìkà, pé àwọn ọmọ òun kò ní dárí ji òun tí òun bá kú. Kó tó lọ, ó ní kí Ìyá mi gbé ọmọ wá kí òun rí i. Ó wò ó, ó ka àdúrà sí i lórí, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó fi wàrà alágolo ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra ọkùnrin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wàrà yẹn ni kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìbá sàn ká ní wọ́n bú ara wọn. Ìyá mi ní ká kó ẹrù wa padà sílé, ká fi igi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní tí a bá kó lọ, kí ẹsẹ̀ wa tó kúrò lójú ọ̀nà ni Bùràímọ̀ yóò ti fà á tu. Ìyá mi ní kí ni ká ṣe nígbà náà. Ìyá Àgbà ní kí a bẹ onílẹ̀ sí i. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ á sì máa bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú omi. Bàámi kò dá sí i. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ibà, ìgbẹ́ gbuuru sì dà á láàmú. Kò fẹ́ gba ọmú dáadáa mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàámi kò lọ sí oko Bàbá Rájí. Ó da omi sí ìdí orógbó náà kí ilẹ̀ lè rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ká, ó gbẹ́ ẹ gbòòrò, nítorí kò fẹ́ fi ìwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Mi ò rí i kó lo ọkọ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi náà pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀: pà. Gbòǹgbò tó lọ tààrà sílẹ̀ ti jìn ju ibi tí ọkọ́ dé lọ. Ìyá Àgbà náà gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó fi ìka lé ètè. Bàámi fi àpò gàrí wé erùpẹ̀ náà, ó gbé e lérí, ó kọrí sí ẹ̀bá ojú irin. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ láàárín irin àti oko, ilẹ̀ ìjọba ni, koríko nìkan ló ń hù lórí rẹ̀. Kì í ṣe ti Bàbá Rájí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó lè wá jókòó lórí odó wa. Ó gbìn ín síbẹ̀, ó fi òkúta yí i ká. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó ní, “Ìjọba kì í ka igi.”

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ èmi àti Àṣàbí ni láti gbé omi lọ fún igi náà ní àràárọ̀, agolo kan fún mi, agolo kan fún un. Òwúrọ̀ máa ń tutù. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á fẹ́ igi náà lulẹ̀, igi náà á tún dìde. Tí a bá padà délé, Ìyá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ, kò ní kí wa kó tó bi wá pé ewé rẹ̀ ńkọ́. A ó ní ó wà dáadáa. Kò wà dáadáa. Ó kọ́kọ́ pọ́n ní etí, ó wá rọ, àwọn ewé ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ìyá mi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Yaba, wọ́n fún un ní oògùn olómi àti èyí tí wọ́n ní kí a lọ̀. Ara rẹ̀ á yá fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà síbi tó wà. Ojú rẹ̀ wá tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Àṣàbí, tí kì í jẹ́ kí n mí nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gẹ́, kò bú mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan a dé ìdí igi náà, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Àṣàbí fi èékánná ha ara igi, abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó pupa. Ìyá Àgbà la sọ fún, a kò sọ fún Ìyá mi. Ìyá Àgbà wé gèlè rẹ̀, ó lọ sí àgbàlá Bàbá Rájí, ó lọ bá ìyálé ilé náà, Ìyá Bùràímọ̀. Abẹ́ orógbó ńlá tí wọ́n ń jókòó sí, àwọn ọmọ igi máa ń hù síbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbá wọn dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ìyá Bùràímọ̀ yọ èyí tó ga tó tiwa fún un, ó fi ìró bò ó. Ó ní òun náà ti sin ọmọ rí. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ Ìyá Àgbà fún: kó má ṣe jẹ́ kí baálé òun gbọ́ pé lábẹ́ igi tirẹ̀ ló ti wá. Ìyá Àgbà gbìn ín sójú ihò kan náà, láàárín òkúta tí Bàámi tò. Ó fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ ra ewé rẹ̀ bí Ìyá mi ti máa ń ṣe. Ó bi wá pé kí ni a rí. A ní a kò rí nǹkan kan. Èyí tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló kó o sínú iná tí a fi ń yan gàrí.

Igi tuntun náà mú ilẹ̀. Kí oṣù tó yí po, ó ti ń yọ ewé pupa lórí. A wá ń fi ẹnu wa sọ òtítọ́ fún Ìyá mi pé ewé rẹ̀ ń dán. Ìyá mi pọn ọmọ lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ lé wa lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú igi náà, ó mú àwọn ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé etí wọn. Ó dìde. Ó ní omi tí a ń bù fún un ti tó. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó ń kọrin díẹ̀díẹ̀ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàámi náà lọ wo igi yẹn lọ́jọ́ Àìkú, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí: ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó jẹ ẹja lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sán gangan ni Dúrósinmí kú. Ìyá mi ń yan gàrí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, èéfín kún ojúde. Ìyá Àgbà tó ń sẹ́ gàrí gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn Ìyá mi, ó gbé ajọ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gba ọmọ náà mọ́ra. Ìyá mi kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀. Ó ń fi igbá ro gàrí náà síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, títí tó fi gbẹ, ó kó o kúrò lórí iná, ó da omi sí iná náà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀. Gàrí yẹn kò jóná. A tà á.

Bàbá Rájí wá pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Kò sọ ibi tí a lè sin ọmọ náà sí, Bàámi kò sì bi í. Òkú àti igi, òfin kan náà ló mú wọn. Bàámi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ojú irin, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta tó tò. Nígbà tó ṣe tán, ó dúró, ó ń wo orógbó náà, tó tutù, tó ń dán. Ó wò ó pẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo igi. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ gé e. Ó gbé ọkọ́ náà lé èjìká, ó lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n ta oko náà, ilé wa náà sì bá a lọ. Bàámi lọ ń ru yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé, lórí ilẹ̀ tó ti ro rí, títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, fẹ́ igi kan síwájú ilé wa, kí òun lè máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń ní ó di àmọ́dún. Ewébẹ̀ ni mo gbìn síbẹ̀. Ewébẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin Dúrósinmí, ọkọ́ kò dún lẹ́yìn ilé. Èmi àti Àṣàbí jí, a kò mọ̀ bóyá ká gbé omi lọ tàbí ká má gbé e lọ. A bá Ìyá mi lójúde, ó ti bu omi sínú agolo méjèèjì. Ó gbé ọ̀kan, ó ń lọ, àwa sì ń tẹ̀ lé e, Àṣàbí níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú agolo kejì. Nígbà tí a débẹ̀, erùpẹ̀ ibi tí Bàámi gbẹ́ ṣì pupa. Ìyá mi yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí ìdí igi. Àṣàbí kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, “Màámi, igi yìí kì í ṣe...”

“Mo mọ̀,” Ìyá mi ní. “Ewúrẹ́ kò jẹ etí ewé èyí.”

Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí ló wá dé tí a ṣì ń bomi rin ín. Ìyá mi da gbogbo omi tó wà nínú agolo rẹ̀ tán, ó gbọn èyí tó kù sórí ewé.

“Òun náà kò mọ̀ pé wọ́n fi òun rọ́pò ẹnìkan.”

Ó yíjú sí mi. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀.

“Rẹ̀mílẹ́kún,” ó ní, “gbé agolo kejì wá.”